Àṣẹ Tí Ṣùbòmí Tẹ̀

"Ó ti wọlé o!" Ṣùbòmí pàtẹ́wọ́ níwájú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń darí kọ́lọ́sítà, ìyẹn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀ kó lè máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí rẹ̀. Irinṣẹ́ náà kò ní àwòrán tàbí bọ́tìnnì. Àṣẹ ni èèyàn ń tẹ̀ fún un. Ṣùbòmí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Débọ̀, ló mú un wá kọ́ṣẹ́ ní ófíìsì wọn ní Sábó.

Débọ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó ṣe fáìlì ìwọlé tirẹ̀, èyí tí yóò gbé e lọ sí kọ́lọ́sítà ìdánrawò. Ṣùgbọ́n Taoheed, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ti ṣe tán láàárọ̀, kò sì jẹ́ kó sinmi. "Ìgbín, o ò tíì dé?" Ojú wá ń kán Ṣùbòmí. Bí Débọ̀ ṣe jáde lọ ra oúnjẹ báyìí, ó ṣe àdàkọ fáìlì Débọ̀ sórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó wá tẹ àṣẹ pé kí irinṣẹ́ náà pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ́lọ́sítà tó rò pé ó jẹ́ ti ìdánrawò rẹ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Irinṣẹ́ yẹn kò bi í léèrè bóyá ó dá a lójú.

Bí nǹkan ṣe ń parẹ́, Ṣùbòmí rí orúkọ kan: báńkì ẹ̀jẹ̀. Kọ́lọ́sítà gidi ni fáìlì Débọ̀ gbé e lọ, kì í ṣe ti ìdánrawò. Orí ìkànnì báńkì yẹn gan-an làwọn ilé ìwòsàn ti ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn.

Fóònù dún. Àǹtí Evelyn, ọ̀gá wọn, gbé e. "Kò ṣí? Abiyamọ ni? Ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ẹ̀?"

"Pa láptọ́ọ̀pù ẹ dé," Taoheed sọ lábẹ́lẹ̀. "Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ni wọ́n máa rí."

Òótọ́ ni. Ṣùbòmí nawọ́ sí láptọ́ọ̀pù náà.

"Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlé!" Àǹtí Evelyn pariwo nígbà tó rí i pé gbogbo nǹkan ti parẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá nǹkan kan padà títí a fi máa rí wọn!"

Bí wọ́n bá lọ ń wá olè tí kò sí, obìnrin yẹn lè kú. Ẹ̀rù ìyẹn ju ti ọ̀gá lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Kò sólè. Fáìlì Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ni mo fi wọlé."

Àǹtí Evelyn wò ó, kò bú u. "Ka ohun tó o tẹ̀ fún mi. Kíá!"

Ṣùbòmí kà á pẹ̀lú ẹkún. Àǹtí Evelyn mú ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú pamọ́, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ilé ìwòsàn náà rí ẹ̀jẹ̀ ní Ìdí-Àràbà.

Síbẹ̀, wọ́n ní kí Ṣùbòmí máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Débọ̀ náà, torí pé ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Nílé lálẹ́, fóònù Débọ̀ dún, ó gbọ́ ìròyìn láti ófíìsì, ó sì jókòó ti Ṣùbòmí.

"Ìyá ọmọ yẹn ti lajú," ó ní. "Inú ń bí mi sí ẹ gan-an o. Ṣùgbọ́n ká ní o dákẹ́ ni, ikú rẹ̀ ni wọn ì bá máa sọ fún wa."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìkánjú gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà.