Ẹja Tí Dísù Bà Jẹ́

Sàlámọ̀tù onígàrí ló kọ́kọ́ sọ fún Àmọ̀kẹ́ ẹlẹ́ja pé táńkà dísù kan dojú dé lọ́nà Wásinmi, pé epo rẹ̀ ti ṣàn wọ adágún.

"Ìyá Mọ́nsúrù, ẹja tí ẹ rà níbẹ̀ láàárọ̀ ńkọ́?"

Àmọ̀kẹ́ ti mọ̀. Bó ṣe tẹ ẹrẹ̀ etí adágún láàárọ̀, ẹrẹ̀ ọ̀hún tutọ́ epo, ó tàn bí òṣùmàrè yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ló ti kó lé ẹja yẹn.

Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó fi iyọ̀ pa á lára, ó yan án títí ó fi dúdú. Òórùn dísù ò lọ.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lè jẹ ẹ́?" Sàlámọ̀tù bi í.

"Ta ló pè ọ́ sí i? Lọ yan gàrí ẹ!"

Ojú tì í láti jókòó ti ẹja náà lọ́jà Àpòmù. Ló bá pàtẹ rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà oko bí àwọn àgbà ti í ṣe, òkúta mẹ́ta níwájú ìdì kọ̀ọ̀kan: náírà mẹ́ta. Ẹni tó bá mú ìdì kan á fi owó sílẹ̀. Wọn kì í jí irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà dé, kò sí ẹja, kò sí owó. Epo ń dán lára òkúta.

"Ẹni tó kó ẹja mi kò ní fojú kan oorun títí yóò fi san án!"

Láti ọjọ́ náà, ibi tí Ràímì ọkọ rẹ̀ máa ń sùn lórí ẹní kó tó kú a máa tutù láràárọ̀, a sì máa rùn dísù. Apẹja ni Ràímì. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí mi ò lè jẹ, mi ò ní tà á."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ipa ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ dúdú kúrò lára ẹní, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àmọ̀kẹ́ tọ̀ ọ́ dé ojú oórì Ràímì. Ẹja rẹ̀ ló tò síbẹ̀, ìdì kan ò dín. Ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn án.

Aṣọ funfun kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó. Ó mọ aṣọ náà, irú èyí tí wọ́n fi wé òkú ọkọ rẹ̀ ni. Ó tú u. Náírà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ná nígbà ayé Ràímì, kí ìjọba tó pààrọ̀ àwọ̀ owó. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó kà á. Ó pé.

Kò lè gbójú sókè.

"Bàbá Mọ́nsúrù," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "mo ti gbà á. Ẹ sùn."