Ilẹ̀ Tí Jígí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gún

"Ojú kọ́ la fi ń yan èyí, ẹsẹ̀ ni!" Ìyá Àgbà wí. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gun orí àwọn íńtálọ́ọ̀kì, òkúta tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà.

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Jígí, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ ní Jígí, nítorí kò sí gíláàsì kan tí yóò bá pàdé tí kò ní yẹ ojú ara rẹ̀ wò nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

"Màmá, èyí tó ń dán yìí ló dáa jù!"

"Tí òjò bá wá rọ̀ sí i ńkọ́? Kí n máa yọ̀ bọ̀rọ́ bí ẹja? Èyí tí ara rẹ̀ rí págunpàgun yìí ni yóò di ẹsẹ̀ mi mú. Ìwọ lọ gbé èyí tó ń dán, kí o fi ṣe jígí."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Onípágunpàgun ni wọ́n kó lọ sílé.

Nítorí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ tò ó síwájú ilé. Ẹrẹ̀ ni láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ a máa rì, a sì di ará ilé fún oṣù mẹ́rin bí ẹlẹ́wọ̀n. Tara rẹ̀ ni Jígí ń rò ní tirẹ̀. "Ọmọ Ẹrẹ̀" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní kíláàsì, nítorí bàtà rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Má-Kánjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sí i, ó ta okùn láti géètì dé ilẹ̀kùn. Ó da omi sílẹ̀ láti mọ ibi tí yóò ṣàn sí, ó tú okùn, ó tún un ta. Ìyá Àgbà, tó ti ru iyanrìn fún àwọn bíríkìlà nígbà èwe rẹ̀, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá orin fún un:

"Gún un kó le o, gún un kó le,
Má wojú ẹni tó ń kánjú;
Ilẹ̀ tá ò gún, ẹsẹ̀ ní í dá,
Gún un kó le o, gún un kó le."

Má-Kánjú a sì gbè é, a máa mi orí bí aláǹgbá.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀ kọṣẹ́. "Ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó tún un ṣe," Má-Kánjú sọ fún Jígí. "Bi ìyá rẹ bóyá wọ́n lè dúró." Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni ìyá Jígí ń bá ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ ibẹ̀. Ẹnu Jígí ni ọ̀rọ̀ ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀.

Ìyá rẹ̀ dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Sọ fún bàbá pé kí wọ́n dúró de ẹ̀rọ. Ó pẹ́ tá a ti ń gbé inú ẹrẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ò ní pa wá."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ kíláàsì Jígí ń bọ̀ wá kàwé ìdánwò, ó sì ti fi ọ̀nà tuntun náà fọ́nnu.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Ìyá Àgbà ti lọ kí àbúrò rẹ̀. Jígí kúnlẹ̀ kí Má-Kánjú. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mọ́mì ní kẹ́ ẹ máa tò ó lọ."

"Láìgún un?"

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ wa ni yóò tẹ̀ ẹ́ le."

Bàbá wo iyanrìn, ó wo ojú ọmọ. "Ìyá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Onílé ló láṣẹ. Àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú o."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé lálẹ́, tó rí i pé wọ́n ti tò ó tán, tó bi í pé ṣé ẹ̀rọ ti dé ni, Jígí ní wọ́n yá ti ẹlòmíì. Irọ́ àkọ́kọ́ ti bí àbúrò.

Sátidé náà dùn bí oyin. "Ọmọ Ẹrẹ̀ dà?" àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í. "Ó ti kú, a ti sin ín sábẹ́ òkúta!" Jígí dáhùn. Wọ́n ya fọ́tò títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n.

Nígbà òjò kejì ọdún náà ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ géètì rì. Íńtálọ́ọ̀kì kan gbé etí sókè bí eyín tó fẹ́ ká. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà múra òde, ó ń kọrin bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Jígí ń fọ abọ́ nínú ilé. Ó gbọ́ tí orin náà já láàárín.

Òkúta náà ti gbé Ìyá Àgbà ṣubú; egungun ìgbáròkó rẹ̀ ló ṣẹ́.

Ìyá Jígí ránṣẹ́ pe Má-Kánjú, ó sì pariwo lé e lórí lójú gbogbo àdúgbò. Bàbá kúnlẹ̀, ó yọ òkúta mẹ́ta, ó ti ìka bọ iyanrìn. Ìka wọlé ṣọọrọ.

"Ìyá Jígí, a ò gún ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé ká máa tò ó."

"Èmi kẹ̀? Jígí, ṣé mo rán ọ bẹ́ẹ̀?"

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí i. "Rárá o, Mọ́mì. Mi ò jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Má-Kánjú wò ó pẹ́. "Èmi náà jẹ̀bi," ó wí jẹ́ẹ́. "Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò le, mo sì tò ó." Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, "Bàbá Oníjìbìtì" ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un pe ẹlòmíì. Jígí ò lè sùn, ìwé ò wọ orí rẹ̀, ìdánwò tó tìtorí rẹ̀ pe àwọn ọ̀rẹ́ sì gbé e ṣánlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wólẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò nà án. Ó wọ́ ọ lọ́wọ́ lọ sílé Má-Kánjú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. "Wọ́n ti kó lọ bá ọmọ wọn lókèèrè," ará ilé kejì sọ. "Wọ́n pín gbogbo irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́." Okùn náà ṣì wà lára ìṣó lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Bíríkìlà mìíràn ló wá tú òkúta, tó gún ilẹ̀ dáadáa, tó sì tún un tò. Ìyá Àgbà jókòó lórí àga lójú fèrèsé, níbi tí yóò máa jókòó sí títí ayé, nítorí kò lè rìn mọ́.

"Jígí, ṣé ó ti le báyìí?"

"Ó ti le, Màmá."

"Rìn ín, kí n gbọ́."

Jígí rìn láti géètì dé ilẹ̀kùn, ó tún padà. Ìyá Àgbà gbé orin: "Gún un kó le o..." Nígbà tó dé ibi tí orin ti dárúkọ ẹsẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ kékeré tó tẹnu yín jáde lè ṣẹ́ egungun àgbà, ó sì lè lé olóòótọ́ kúrò nílùú. Bí ẹ bá ti pa á ná, ẹ tètè jẹ́wọ́. Òtítọ́ tó bá pẹ́ lọ́nà, ilẹ̀kùn títì ló ń bá.