Ta Ló Bubuti Oògùn Rotia?

Rotia ń gbé ní erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Òkun wà níwájú ilé wọn. Òkun wà lẹ́yìn ilé wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, Rotia ń sáré lẹ́bàá omi. Ṣá! Ìkarahun gé e látẹ́lẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ náà wú. Ó pọ́n. Ó gbóná.

Kù! Kù! Kù! Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ń sọ.

"Ẹ gbà mí! Ẹsẹ̀ rè é àbí gbẹ̀rẹ̀fúùtù?" ni Ìyá Àgbà wí. Ó pọn Rotia, ó di ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Kaitinano.

Nọ́ọ̀sì fọ egbò náà. "Kòkòrò ti wọlé síbẹ̀," ló wí. "Wọ́n kéré gan-an, ojú ò lè rí wọn. Ọ̀kan á di méjì. Méjì á di mẹ́rin."

"Mẹ́rin á di mẹ́jọ!" ni Rotia ké. Ẹ̀rù bà á. "Ṣé wọ́n máa kún inú mi ni?"

"Wọn ò tó bẹ́ẹ̀!" Nọ́ọ̀sì mú igo oògùn pupa kan. Ó mì ín. Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀!

"Kòkòrò wọ̀nyí ní ògiri tó yí wọn ká. Oògùn yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ògiri náà mọ. Ògiri á wó, kòkòrò á kú."

"Ṣíbí kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Ọjọ́ méje gbáko! Má dá a dúró o, bí ẹsẹ̀ ò tiẹ̀ dùn ọ́ mọ́."

"Ṣé mo lè lọ wẹ̀ lókun?"

"Rárá o. Àfi tí egbò bá jinná."

Rotia fajú ro. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wẹ̀ lókun. Òun nìkan ló jókòó sétí omi.

Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀! Ṣíbí kan láàárọ̀. Ṣíbí kan lọ́sàn-án. Ṣíbí kan lálẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ ò sọ kù mọ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni Bọ̀ọ̀dá Bwereti, àbúrò bàbá rẹ̀, dé. Háṣíì! Imú rẹ̀ ń ṣomi.

"Rotia, ọmọ dáadáa," ló wí. "Bubuti! Fún mi ní oògùn pupa yẹn."

Bubuti! Ní erékùṣù yìí, bí èèyàn bá ti fi bubuti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ fún un. Ìtìjú ńlá ni kéèyàn sọ pé rárá.

Rotia wo igo. Ó wo Bọ̀ọ̀dá. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kò kúkú dùn mí mọ́," ló sọ nínú ara rẹ̀. Ó gbé igo náà fún un. Ìyá Àgbà ń wò wọ́n.

Lálẹ́, kò sí ṣíbí. Láàárọ̀, kò sí ṣíbí. Lọ́sàn-án, kò sí ṣíbí.

Kù! Kù! Kù!

Rotia di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Wọ́n ti ń mọ ògiri wọn padà," ló rò. "Ọ̀kan ti ń di méjì." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, mo fẹ́ gba oògùn mi padà."

Ìyá Àgbà dá ẹní tó ń hun dúró. "Yéè! Ohun tó o ti fún èèyàn? Kí làwọn ará abúlé máa sọ?"

Rotia ronú. Ó ronú, ó ronú. Ó fò dìde.

"Tí mi ò bá gbà á padà ńkọ́? Tí èmi náà bá bubuti ẹ̀?"

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Rotia ń tiro lọ. Tiro, tiro, tiro.

"Bọ̀ọ̀dá Bwereti." Ó nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́. Bubuti! Ẹ fún mi ní oògùn pupa yẹn."

Bọ̀ọ̀dá la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Háṣíì!

"Ọmọ yìí mú mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbà. Ṣíbí kan péré ni mo mu. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ imú mi ò dá."

Gbogbo wọn lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Ohun tó ń fa ọ̀fìnkìn ò ní ògiri," ni nọ́ọ̀sì sọ fún Bọ̀ọ̀dá. "Kí ni oògùn yìí fẹ́ wó níbẹ̀? Ẹ lọ sinmi, kẹ́ ẹ máa mu omi. Ó máa lọ fúnra rẹ̀."

Ó fi oògùn kún ti Rotia.

"Ṣé ẹ ò bínú sí mi?" ni Rotia béèrè.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Kò sí bàtà níbẹ̀! "Wọ́n bubuti bàtà mi láàárọ̀ yìí. Kò burú. Àmọ́ oògùn kì í ṣe bàtà. Ẹni tí mo fún nìkan ni kó mu ún."

Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀! Láàárọ̀. Lọ́sàn-án. Lálẹ́. Rotia ò fo ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ kan, ó dorí igo kodò. Kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà dáadáa. "Ó ti jinná," ló wí.

Rotia rìn lọ sétí òkun. Ó dúró.

Ó rọra ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀. Ó dijú. Ó ń retí pé kó ta òun.

"Ìyá Àgbà! Kò ta mí! Kò ta mí rárá!"

Ṣàà! Rotia ti wọ òkun.