Ìbọ̀sẹ̀ Kan Lẹ́sẹ̀, Ọ̀kan Láyà

Ọjọ́ tí Aune Hakala kọ́kọ́ fojú kan Darrell Voss, ńṣe ni ọkùnrin náà dúró níwájú dígí fífọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilé ìjọsìn wa, tó wọ ẹ̀wù ọdẹ kan tí wọ́n ya ewé sí káàkiri ara rẹ̀, tó ń yí síwá yí sẹ́yìn bí ìyàwó tó ń wo aṣọ ìgbéyàwó. Sòkòtò rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń wọ́lẹ̀. Yìnyín tó gbé wọlé láti ìta ti yọ́ sí i létí, etí méjèèjì sì pọ́n bí ata. Aune tó jókòó sídìí tábìlì tó ń ṣa bọ́tìnnì kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á.

Ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn yẹn la ti ń ta aṣọ òkìríkà ní Kivela, lápá òkè Michigan níhìn-ín, níbi tí òtútù ti máa ń tètè dé tí kì í sì í tètè lọ. Aune ló ń bójú tó o. Tó bá ti fọwọ́ pa etí aṣọ báyìí, á ti mọ ohun tí wọ́n fi hun ún.

"Ẹ̀wù yẹn yẹ yín," ló sọ. "Ẹ ó rẹwà gan-an nínú pósí."

Darrell yíjú padà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń polówó ọjà yín ni?"

"Òwú ni. Tẹ́ ẹ bá làágùn sínú òwú lóṣù Kejìlá, kò ní gbẹ mọ́. Ẹ ó kàn jókòó sínú ọ̀rinrin yẹn títí..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó lọ wo inú àpótí tó wà lẹ́yìn.

Darrell ṣàlàyé ara rẹ̀. Ará ìsàlẹ̀ afárá ni, lápá gúúsù Michigan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi tí wọ́n ti ń la pákó ni. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè ṣọdẹ nígbà tí gbogbo ayé ń ṣọdẹ, ìparí àsìkò ọdẹ nìkan ló kù fún un, ìgbà tí àgbọ̀nrín bá ti sá sínú igbó kédárì tí wọ́n sì ń fi ìbọn ẹlẹ́tù dè wọ́n. Aṣọ ọdẹ tó wà ní ilé ìtajà ńlá kọjá agbára rẹ̀. Aune gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdáhùn, ó sì gbé sòkòtò ológun kan jáde, irun àgùntàn gidi, ó rí bí eérú, kòkòrò sì ti jẹ ẹ́ lórúnkún.

Darrell fi kan ara rẹ̀, ó ní ó ń yún òun.

"Ẹni tó ń họra," ni Aune wí, "ó ṣì wà láàyè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì Darrell padà wá ra ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun nílò okùn tí wọ́n fi ń gbé sòkòtò kọ́ èjìká. Lẹ́yìn náà ló wá ra bọ́tìnnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì kankan ò já lára ẹ̀wù rẹ̀. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, fìlà tó ní ti pọ̀ ju orí lọ. Àwọn ìyá ìjọ tó ń ká aṣọ ń fojú sọ̀rọ̀ síra wọn, wọ́n á sì rántí lójijì pé àwọn ti gbé omi kọfí kaná sílé.

Aune kọ́ ọ ní bí a ṣe ń múra. Ó ní kí ohun tó fẹ́lẹ́ wà lára, kí èyí tó nípọn wà lókè rẹ̀, kí aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí òfin ní kí gbogbo ọdẹ wọ̀ sì tóbi tó láti borí gbogbo rẹ̀. Ó ní aṣọ kọ́ ló ń pa ooru mọ́, ààyè tó wà láàárín aṣọ ni. Darrell gbọ́ ìdajì, ó fi ìdajì tó kù wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú mọ́tò Darrell, tí yìnyín ń bo gíláàsì mọ́ wọn lórí, ló béèrè ìdí tí Aune kì í fi í parí ọ̀rọ̀ tó bá kan òtútù. Aune sọ fún un nípa Veikko, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jáde lọ ṣọdẹ ní ìparí àsìkò ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tó wọ sòkòtò jíǹsì, tí wọ́n sì bá a nídìí igi kédárì, ó jókòó bí ẹni tó sùn.

"Ó ní sòkòtò onírun àgùntàn," ló wí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná. Mo fẹ́ kó mọ́ dáadáa ni. Ó sún kì, ọmọdé ni ì bá wọ̀ ọ́. Mo tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì sọ fún bàbá mi dòní."

Darrell kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí gíláàsì fi funfun tán.

Ìgbà tó lọ bá Urho Hakala, bàbá Aune, láti tọrọ ọmọ rẹ̀, bàbá náà wò ó pẹ́. Kò béèrè ohun tó ń gbà níbi iṣẹ́, kò béèrè ìjọ tó ń lọ. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ, "Sátidé. Kílẹ̀ tó mọ́," ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Ní Kivela, gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn bàbá wa kì í fẹnu sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ahéré ọdẹ wọn, níbi tí wọ́n ti ń lúgọ de ẹran, ni wọ́n máa ń fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin, tó bá sì lè jókòó níbẹ̀ dalẹ́, ọmọ di tirẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sin Veikko, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ ahéré Urho. Wọ́n sì ní kò gba kéèyàn mira níbẹ̀, pé ó ti lé ẹnì kan wálé rí nítorí ikọ́.

Ojora mú Aune. Ó bẹ Darrell pé kó má lọ, ó ní kó purọ́ pé ara òun ò yá.

"Tí mo bá kọ ahéré," ni Darrell wí, "ìwọ ni mo kọ̀ yẹn, olólùfẹ́ mi."

Nígbà tí Aune kò rí i dá dúró, ó múra fún un. Lọ́sàn-án Fráídé, ó tò gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn àjò ọmọ rẹ̀. Ọ̀wọ́ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló mú kẹ́yìn, funfun, onírun àgùntàn.

"Èyí lẹ́sẹ̀, èyí láyà. Máa rìn bí ẹni tí òtútù ń mú díẹ̀. Inú àpò ni kí ẹ̀wù tó nípọn wà, ìgbà tó o bá débẹ̀ ni kó o tó wọ̀ ọ́. Kó o sì pàrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ á ti làágùn, o ò kàn ní mọ̀ ni. Má tijú."

"Mo gbọ́."

"Búra."

Darrell búra. Bẹ́ẹ̀ ọkàn Aune kò balẹ̀.

Ní Sátidé, òtútù náà kò ṣeé fẹnu sọ. Irun imú ń dì. Darrell ṣe bí wọ́n ti ní kó ṣe, ó wọ èyí tó fẹ́lẹ́, ó gbé ìyókù sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Urho fi iná wò ó látòkè délẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ojú bàbá náà yí padà.

"Ṣé ohun tó o máa wọ̀ nìyẹn?"

Ẹ̀rù ló ba bàbá. Ọmọ mìíràn ló rí nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Darrell ní tirẹ̀ gbọ́ ọ bí ẹ̀gàn. Ojú tì í, ó tú àpò, ó wọ gbogbo rẹ̀ sọ́rùn lójú ẹsẹ̀, ìbúra sì di ohun ìgbàgbé. Wọ́n gbéra. Yìnyín mu wọ́n dé orúnkún, wọ́n sì ń gun òkè, Urho kò sì rìn bí arúgbó. Kí wọ́n tó dé ahéré, òógùn ti gba Darrell lẹ́yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Wọ́n jókòó. Kò sóhun tó ń mira nínú igbó kédárì náà. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Darrell kọ́kọ́ rò pé òtútù náà yóò lọ, kò lọ. Ẹsẹ̀ dùn ún, lẹ́yìn náà ó ń ta á bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kò dùn ún mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ wà láyà rẹ̀, ó ń gbóná síbẹ̀. Bíbọ́ bàtà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàtà á dún, àgbọ̀nrín á sá, bàbá á sì sọ fún gbogbo ìlú pé ọkọ tí Aune mú wá kò lè jókòó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Darrell dákẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn, Aune ò lè rán aṣọ. Ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó dìde, ó jáde wo ojú ọ̀run, ó wọlé. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìjọ kan ní kó mu kọfí, ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀, ó sì gbàgbé ibi tó gbé e sí. Bó ṣe rí lọ́jọ́ ti Veikko nìyẹn, yìnyín náà ló ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sán, àgbọ̀nrín yọ. Akọ ńlá ni, ìwo rẹ̀ fẹ̀, ó ń wá ewé kédárì jẹ. Urho gbé ìbọn ẹlẹ́tù rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ó fojú sun ún. Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé òun ò gbọ́ kí eyín ọmọkùnrin náà máa gbá ara wọn mọ́. Láàárọ̀ ó ti ń gbọ́ ọ, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sínú. Nísinsìnyí, kò sí.

Ó gbé ìbọn kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ròkè nínú ahéré tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀. Àgbọ̀nrín fò, ó lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."

Urho kúnlẹ̀. Ó fa bàtà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ tó ti ń dì. Ẹsẹ̀ náà funfun bí àbẹ́là. Bàbá náà tú ẹ̀wù ara rẹ̀, ó ká àwọ̀tẹ́lẹ̀ sókè, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ikùn ara rẹ̀ ní ìhòòhò, ó fi ẹ̀wù bò ó, ó dì í mú ṣinṣin. Ó gbọ̀n rìrì, kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó wá na ọwọ́ sí àyà Darrell láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ṣì gbóná, ó bá ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Aune ló fún mi. Ó ní kí n pàrọ̀ tá a bá dé."

"Kí ló wá dé tó ò pàrọ̀?"

"Ojú ń tì mí, Bàbá. Wọ́n ní ẹ kì í fẹ́ kéèyàn mira."

Omi ń bọ́ lójú Urho sínú irùngbọ̀n, ó sì ń dì síbẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ náà wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí a ti ń wọ̀ ọ́ fún ọmọ kékeré.

Àárín ọ̀nà ni Aune ti pàdé wọn nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́, apá bàbá wà ní ìbàdí Darrell, wọn ò wọ́ ẹran kankan. Nílé, Aune gbé ẹsẹ̀ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì wo ojú ẹni tó ni ín.

"O búra fún mi," ló wí. Ó yí sí bàbá rẹ̀, ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà: omi gbígbóná, sòkòtò tó sún kì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni mo jẹ́ kí Veikko wọ jíǹsì lọ."

Urho wọ yàrá, ó gbé sòkòtò kan jáde, sòkòtò onírun àgùntàn tó ti lábùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀.

"Mo fún un léyìí láàárọ̀ yẹn," ló wí. "Ó kọ̀ ọ́. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun á fi òun ṣẹ̀sín. Inú bí mi. Mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, pé ọkùnrin tí òtútù bá lé wálé kì í ṣe ọmọ mi." Ó jókòó. "Ẹyin lọ̀rọ̀. Kì í ṣe omi rẹ ló pa á, Aune. Ẹnu mi ni kò jẹ́ kó padà wálé."

Aune lọ gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. Wọn ò tíì sunkún papọ̀ rí látọjọ́ ìsìnkú. Darrell jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú omi, ó ń wo ògiri. Ẹsẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún burúkú, ó sì mọ̀ pé ìyẹn dára.

Kí bàbá tó lọ sùn, ó ju sòkòtò náà sí Darrell lórí itan. "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ló wí. "Gbà. Tìrẹ ni."

Bàbá ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Aune kò tíì sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò dá Darrell lóhùn, àwa náà sì ń bẹ̀rù pé ó ti parí. Inú rẹ̀ ò dùn sí ọkùnrin tó lè fi ojú títì pa ara rẹ̀ kó sì fi òun sílẹ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

Darrell wọlé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń tiro díẹ̀. Ó wọ sòkòtò alábùlẹ̀. Ó dúró síwájú tábìlì, ó na ọwọ́ sí àyà, ó yọ ìbọ̀sẹ̀ funfun náà, ó sì gbé e síwájú rẹ̀.

"Mo gbé e sí ibi tó o ní kí n gbé e sí," ló wí. "Mi ò tún ní jẹ́ kójú tì mí lọ́dọ̀ rẹ mọ́, tàbí níbikíbi."

Aune fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, òrùka kékeré kan sì wà níbi ìka ẹsẹ̀, ó gbóná bákan náà. Àwọn ìyá ìjọ gbàgbé aṣọ tí wọ́n ń ká. Aune tọ́ka sí àga.

"Bọ́ bàtà ẹ."

Darrell jókòó, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Aune kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó sì fọwọ́ kan ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bóyá wọ́n lẹ́jẹ̀. Méjì ṣì dúdú díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n wọ́n gbóná. Gbogbo wọn pé.

Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ padà fún un. Ìgbà náà ló tó na ọwọ́ òsì rẹ̀ fún òrùka.