Ìdákẹ́jẹ́ Yàrá Ìyá

Ẹni tó bá fẹ́ pe ìtàn yìí ní àròsọ, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó jókòó sí gbọ̀ngán sinimá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ṣì wà. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Àwọn kan nínú wọn á yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Àwọn kan á ní ọwọ́ àwọn dí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó máa là á mọ́lẹ̀ pé irọ́ ni.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà bá, iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ló ń ṣe nínú fíìmù. Òun ló máa ń so máìkì mọ́ ọ̀pá gígùn, tí á nà án sókè orí àwọn òṣèré, kí ohun tí wọ́n bá sọ lè wọlé dáadáa. Ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn bo etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Abetíajá. Kò bínú sí i. Ó ní ó sàn kí wọ́n pe òun ní fìlà ju kí wọ́n pe òun ní adití lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni olùdarí fíìmù. Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Nígbà kan rí, bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí èkejì. Ẹ̀gbọ́n á ya àwòrán, àbúrò á gba ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Ohun tó dá a sílẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Abetíajá gba èémí rẹ̀ sílẹ̀. Èémí yẹn ló kù fún wọn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rọra gbálẹ̀ ní yàrá kejì. Kò fẹ́ fi ṣe ohun kankan. Ó kàn fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ òun. Inú kọ̀ǹpútà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń lò ló sì fi í sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ wo fíìmù tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Arúgbó kan ń kú lọ nínú rẹ̀. Òṣèré ni arúgbó náà, ṣùgbọ́n èémí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Abetíajá dìde nínú òkùnkùn, ó jáde, ó sì bì sí ẹ̀bá ògiri. Fíìmù yẹn ló sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹni ńlá. Gbogbo ènìyàn ní àwọn ò tíì rí ikú tó jọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà kò dé ilé ìyá wọn mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún fíìmù kan pe àwọn méjèèjì sórí ìtàgé kan náà, kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Wọn ò mọ ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n rò pé á dùn ún wò, ọmọ ìyá méjì lórí àga. Ẹni tí wọ́n fi sáàárín wọn ni obìnrin àgbà kan tó ń ṣe eré alátìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n. Màmá Apá-Kejì ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí eré rẹ̀ tó ń parí.

Atọ́kùn bi wọ́n pé kí ló ṣe pàtàkì jù nínú fíìmù. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní àwòrán ni ọbẹ̀, ohùn ni iyọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, dídànù ló kù. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màmá Apá-Kejì ní ti tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀, pé etí ni àwọn ènìyàn fi ń wò ó, ẹlòmíràn ń lọ aṣọ, ẹlòmíràn ń wẹ ọmọ. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ó kan Abetíajá. Ó sọ fún wọn pé bí iṣẹ́ bá ti parí nínú yàrá kan, òun á ní kí gbogbo ènìyàn dúró gbagidi, kí òun lè gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà. Ó ní kò sí yàrá tó dákẹ́ tán. Ó ní ti yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yàtọ̀ sí ti yàrá tí ènìyàn ti sùn sí. Ó wá ní òun mú ọ̀kan dání.

"Yàrá ìyá wa ni," ó wí. "Mo gbà á lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n ti gbé ibùsùn jáde. Ẹ̀rọ nìkan ni mo fi síbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró síta. Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún èémí inú fíìmù ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́ ibi tó parí sí."

Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà. Ó gbé máìkì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí àwọn ènìyàn má bàa gbọ́.

"Má dán an wò."

Abetíajá ju ọwọ́ sí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì. Ọkùnrin náà pa iná. Ìdákẹ́jẹ́ náà jáde láti inú àwọn sípíkà.

Ó bo gbọ̀ngán bí aṣọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀. Fèrèsé tó rọra ń mì. Nǹkan kan bí ìgbà tí pákó bá ń na ara. Àwọn tó ń wúkọ́ dákẹ́. Kò sí ẹni tó yí lórí àga.

Abetíajá mọ ohùn yẹn bí ẹni mọ owó. Ó ti gbọ́ ọ débi pé bí ìdákẹ́jẹ́ bá ṣeé kọ lórin, á kọ ọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ gbé orí sókè.

Nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ènìyàn méjì ni. Wọ́n ń bá ara wọn jà. Ó ń sún mọ́ tòsí. Lójijì, ohùn ọkùnrin kan mọ́ kedere, ó sán díẹ̀ láàárín.

"Ta ló gbé máìkì sí Ìyá lẹ́nu?"

Abetíajá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kíá.  Ó fẹ́ fún un lésì. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa dé. Sípíkà ló tẹjú mọ́.

Ohùn obìnrin dáhùn láti inú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ohùn tirẹ̀ ni.

"Èmi ni. Torí pé—"

"Pa á," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó ti dìde.

Ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì pa á, ó sì tan iná. Àwọn kan rò pé wọ́n ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ká ọwọ́ nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀tàn gbáà ni. Ó ní àbúrò òun lọ ṣa ohùn òun jọ níbi iṣẹ́ àtijọ́, ó gé e, ó tò ó, kó lè fi òun ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Ó ní kò sí ohun tí obìnrin náà mọ̀ ju gígé àti títò lọ. Atọ́kùn fẹ́ bá wọn dá sí i. Kò rí àyè.

"Èmi ò fọwọ́ kàn án," ni Abetíajá wí.

"Irọ́ lò ń pa," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Láti kékeré, Abetíajá kò fi "o" pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń jà, á ní "ẹ". Lọ́jọ́ yẹn, ahọ́n rẹ̀ yọ̀.

"Ìwọ lo jí Ìyá. Ìwọ lo gbé e síta fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n."

Màmá Apá-Kejì mí kanlẹ̀. Iṣan ọrùn ẹ̀gbọ́n dìde. Ó na ìka sí i lójú, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ta ló gbé máìkì sí Ìyá lẹ́nu?"

Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ náà ló rí. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ sán níbi tó ti sán. Gbogbo gbọ̀ngán gbọ́ ọ. Òun náà gbọ́ ara rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó fẹ́ mú ohun tó ti sá lọ.

Èsì ti wà lórí ahọ́n Abetíajá. Ó ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń ta á. Èmi ni. Torí pé. Ìyókù wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tó ti ń dì sínú láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ìyá, àti àwọn mìíràn tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Bó bá la ẹnu, ó máa tú jáde.

Kò là á. Ó pa eyín pọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé.

Oòrùn ń ràn wọlé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n to ife sórí tábìlì. Màmá Apá-Kejì bá a níbẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Ó bi í pé báwo ni nǹkan yẹn ṣe parí. Abetíajá ní kò ní ìparí, ìdákẹ́jẹ́ lásán ni.

"Ọmọ mi," ni màmá náà wí, "obìnrin inú rẹ̀ yẹn, kò tíì sọ tán."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò dúró. Ó ní kí àbúrò òun pa nǹkan náà rẹ́. Abetíajá ní yàrá Ìyá kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tutọ́ sílẹ̀, ó ń lọ.

Nígbà tí Abetíajá délé, ó de ẹ̀rọ mọ́ etí, ó sì tún ìdákẹ́jẹ́ náà gbọ́. Ohùn ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n níbi tí obìnrin ti dáhùn, kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó dákẹ́. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Bí ẹni tó dìde kúrò nínú yàrá ló rí.

Kò pẹ́ sí i. Òwúrọ̀ ni. Ó ń fọ ife nídìí omi nígbà tí fóònù dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Obìnrin yẹn ò bá wọn dá sí ìjà, ó ṣì ń pè é ní Àǹtí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ti kànkùn títí."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Yàrá Ìyá. Ẹ má jẹ́ kó tó báyìí. Àwọn ará ilé kejì ń gbọ́ yín."

Abetíajá pa omi. "Ìyàwó, ilé mi ni mo wà."

Ìyàwó tún kànkùn. Ó ní kì í ṣe ìgbà àwàdà.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú fóònù, Abetíajá wá ń gbọ́ wọn. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ rí. Ohùn kejì kò pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, bí ẹni tó ti há a sórí. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé, àfi "ìwọ", "ìwọ", tó ń ṣẹ́ yọ láàárín rẹ̀. Àmọ́ ènìyàn tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ ohùn kò lè ṣi ohùn ara rẹ̀ mọ̀.

Ohùn náà dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Fèrèsé ń mì. Ó mọ yàrá tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti ń wá.

Ẹnì kan yọ ìdè ilẹ̀kùn.

"Má lọ síbẹ̀," ni Abetíajá wí. 

Ìyàwó ti gbé fóònù kúrò lẹ́nu. Abetíajá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

"Ẹ kú ìjókòó, Àǹtí."

Fóònù kú.

Ó pè, wọn ò gbé e. Ó wọ bàtà láti lọ, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tí òun yóò bá níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo ohun tí Abetíajá sọ fún òun. Ó ní òun ò ní gbàgbé rẹ̀, láyé, lọ́run. Ó ní kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Ó gbìyànjú láti fèsì. Kí ni èèyàn fi ń tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀? Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, kò lè búra pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó gbé fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyàwó, kí ni mo sọ fún un?"

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu mi tún un sọ."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó kọ̀. Ó ní ọkọ òun kò jẹun láti àná, ó kàn jókòó síta, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Abetíajá ò wá mọ ohun tó tún lè bi í. Níkẹyìn ó bi í pé ìgbà wo ni òun kúrò lọ́dọ̀ wọn.

 Abetíajá gbọ́ tí ìyàwó ń rìn lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró níbi tí fèrèsé kan ti ń mì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sún mọ́ fóònù gan-an.

"Ṣé ẹ ti jáde ni?"