Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Mo Kan Àgbá Reuben

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Irọ́ wo ni n ó tún máa pa, ta sì ni n ó pa á fún? Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣe é.

Skyrme ni orúkọ ilé wa. Ní abúlé wa ní Herefordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ilé tí kò ní oko ápù, kò sì sí ilé tí kì í fún ọtí tirẹ̀. Ápù tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti jíjẹ o. Bí o bá gé e jẹ, ẹnu rẹ á kó jọ, wàá sì bú ẹni tó fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ̀ ọ́ lábẹ́ ọlọ òkúta, fún omi rẹ̀, dà á sínú àgbá, kí o wá ní sùúrù. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Á máa kùn jẹ́jẹ́ ní ihò àgbá. Orin ni à ń pe ìyẹn. "Ṣé àgbá yín ti ń kọrin?" Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn tí ápù bá ti kúrò lórí igi. Bí Kérésìmesì bá kọjá, orin náà á rẹlẹ̀, á dákẹ́. Ìgbà yẹn la máa ń fi èdídí dí ihò àgbá pa.

Òfin kan wà. Bí ẹnìkan nínú ilé bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ sọ fún àwọn àgbá kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dárúkọ òkú. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ọtí á bàjẹ́, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lóko. Nígbà tí bàbá mi kú, Baba Gwilliam aládùúgbò wa ló bá wa ṣe é. Ẹṣin wọn ló máa ń yí ọlọ wa. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ wọn. Kò, kò, kò. "Thomas Skyrme ti kú o. Má bá a lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Reuben àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Màmá wa ló ń ṣe oko, èmi ni mò ń fún Reuben lóúnjẹ, èmi ni mò ń rán ṣòkòtò rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà ju ara mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ní gbangba kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọdún 1917, wọ́n fún Reuben láàyè ọjọ́ mẹ́wàá láti ojú ogun. Ó bá wa lẹ́nu iṣẹ́ ọtí. Kò tíì bọ́ aṣọ ológun tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ara yín! Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ ápù ni, àbí ápù ló ń lọ̀ yín?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Gbé ṣọ́bìrì yẹn kí o wá ṣiṣẹ́."

Baba Gwilliam rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin wọn. "Hester, fi í sílẹ̀ o jàre. Ogun ò tíì rí àwàdà ẹ̀ pa. Òun fúnra ẹ̀ ló kù."

Màmá gbé ojú sókè. Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Baba Gwilliam, ẹ dákun. Ẹyin lọ̀rọ̀."

Ọlọ ń yí, ẹṣin ń mí.

Àgbá tó tóbi jù, Reuben ló rọ ọ́ kún fúnra rẹ̀. Omi ápù pupa ni, láti ara igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí bàbá bàbá wa gbìn. Lọ́jọ́ tó ń padà, ó gbé ọwọ́ lé ikùn àgbá náà bí ẹni ń fọwọ́ ra ẹṣin lára. Ó ní, "Ìwọ, má dákẹ́ o, àfi tí mo bá dé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, màmá náà sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Màmá ò mọ̀wé kà. Èmi ni mo kà á. Wọ́n ní àwọn ò rí Reuben lẹ́yìn ìjà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti kú.

"Ṣé wọ́n sọ pé ó kú?" ni màmá bi mí.

"Màmá, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó..."

"Ohun tí mo bi ẹ́ nìyẹn bí, Hester? Ṣé wọ́n sọ pé ó kú?"

"Rárá, màmá."

"Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan àgbá nínú ilé yìí."

Kérésìmesì kọjá. Àgbá mẹ́rin dákẹ́, mo sì dí wọn. Àgbá Reuben ò dákẹ́. Oṣù kìn-ín-ní tán, ó ṣì ń kọrin. Òtútù ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Omi dì nínú garawa, burẹ́dì le lórí tábìlì. Àgbá náà ń kọrin. Mo pe Baba Gwilliam wá. Wọ́n fi etí tì í. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ṣí fìlà lórí.

"Kí ló ń jẹ níbẹ̀?" ni wọ́n wí. "Adùn inú ẹ̀ yẹ kó ti tán tipẹ́. Ọtí kì í hó nínú òtútù báyìí."

"Kí ni ká ṣe, Baba?"

Wọ́n jáde lọ sídìí igi ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n họ òmíràn. Òun náà ti gbẹ.

Màmá ò bìkítà nípa igi. Àpótí ìjókòó onígi kan wà tí a fi ń fún wàrà. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà, wọ́n jókòó tì í láti òwúrọ̀, wọ́n gbé etí lé e. Wọn ò jẹun mọ́. Ikọ́ wọlé sí wọn láyà. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n á ní kí n rọra máa rìn, kí àwọn lè gbọ́.

"Màmá, òtútù yìí máa pa yín."

"Ọmọ mi ń kọrin, o ní kí n dìde?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ tiwọn lèmi náà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ títí ó fi tutù.

Baba Gwilliam pè mí sí ìdí ọgbà. "Hester, a máa ń ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni sọnù lọ. Ìyá ẹ ń lọ. Ìwọ náà ń rí i. Sọ ọ́ fún àgbá yẹn, kó dákẹ́, kí wọ́n lè sunkún wọn kí wọ́n sì sinmi."

"Ẹ bá mi sọ ọ́, Baba. Ẹ̀yin lẹ sọ ti bàbá mi."

"Mi ò jẹ́ sọ ọ́," ni wọ́n wí. Wọn ò wojú mi. "Òkú bàbá ẹ ṣojú mi. Ti èyí, ẹni inú ilé ló yẹ."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ibà dá màmá dùbúlẹ̀. Wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ wá. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni méjì ni mo ní. Ọ̀kan ti lọ, n ò ní jẹ́ kí èkejì lọ. Aago mẹ́rin ń lọ lù ní ọ̀sán. Yìnyín ti bo ọgbà. Mo ṣílẹ̀kùn ilé àgbá, mo wọlé.

Orin náà ń lọ. Jẹ́jẹ́. Kò ga, kò rẹlẹ̀.

Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan. Orin náà rọlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lókèèrè.

Mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ sá. Mo rántí ikọ́ màmá mi.

Mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta.

"Reuben Skyrme ti kú o. Má bá a lọ."

Ó dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ihò àgbá náà láti fi èdídí dí i. Atẹ́gùn kan jáde lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Lẹ́yìn náà, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nínú ilé yẹn, àfi èmi tí mò ń mí.

Nígbà tí mo gòkè, màmá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló kàn án?"

"Kò sẹ́nì kankan, màmá."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ara wọn yá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún ń fi ara mi yangàn pé mo gbọ́n. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ewé tuntun yọ lára igi ẹnu ọ̀nà. Baba Gwilliam ní, "Ṣé o rí i?"

Oṣù karùn-ún ni lẹ́tà kejì dé. Ọ̀rẹ́ Reuben kan ló kọ ọ́ láti ilé ìwòsàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Jámánì. Mo kà á nínú ọgbà, lábẹ́ òdòdó ápù. Ó ní ẹsẹ̀ ni ìbọn ti ba Reuben, àwọn ọ̀tá ló mú un. Ó ní ẹsẹ̀ náà ti san. Ó ti ń rìn, ó ń jẹun dáadáa, àwàdà rẹ̀ ló ń mú gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀mejì. A ò rí ọ̀kan gbà.

Ẹ gbọ́ ìyókù bó ṣe kọ ọ́. N ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

"Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ ṣú, ó ń sọ fún wa nípa ẹṣin kan tó ń yí ọlọ. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, 'Ta ló ń kànlẹ̀kùn?' A ní kò sẹ́ni. Ó tún wo ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ni.' Ó dìde láti lọ ṣílẹ̀kùn, ó sì ṣubú. Dókítà ò rí ohunkóhun tó pa á."

Mo jókòó sórí koríko. N ò lè sunkún. N ò mọ bí mo ṣe délé.

Mo ka lẹ́tà náà fún màmá. Mo fo ibi tí ilẹ̀kùn wà. Mo fo ọjọ́.

"Ọjọ́ wo ni?" ni wọ́n bi mí.

"Wọn ò kọ ọjọ́, màmá."

"Mo mọ ọjọ́ tó jẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa Reuben kò ju ìyẹn lọ. Màmá gbé ọdún mẹ́tàlá sí i láyé. Mo se oúnjẹ fún wọn, mo fọ aṣọ wọn, mo gbé wọn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀. Wọn ò pe orúkọ mi mọ́ títí wọ́n fi kú. "Ìwọ" ni wọ́n ń pè mí. A ò ṣí àgbá Reuben, a ò sì tọ́ ọ wò.

Wọ́n kú ní ọdún 1931, ní òwúrọ̀ kan nígbà ìkórè. Baba Gwilliam ti ṣáájú wọn lọ. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Mo wọ ilé àgbá lọ, mo gbé ọwọ́ sókè.

N ò lè kàn án. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Èmi ni mo pa ojú wọn dé. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ nígbà kan rí, mo sì rí ohun tí ẹnu mi fà. Ta ló lè fi dá mi lójú pé kì í ṣe èmi ni mo pa ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́? Ẹ máà ṣòpò dá mi lóhùn. Àlùfáà ti gbìyànjú. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo jáde. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú, n ò sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àgbá Reuben ń kọrin. Àgbá tí mo ti dí pa láti ọdún mẹ́tàlá. Àpótí ìjókòó màmá tí mo ti gbé kọ́ ara ògiri wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé e kọ́ padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà nílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Kò dákẹ́ rí. Oko ti gbẹ, igi kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló kù, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló sì ń so lára rẹ̀. Àwọn ará abúlé ní kòkòrò ni. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, mo máa ń lọ fọwọ́ kan àpótí yẹn. Kì í tutù. Kódà nígbà yìnyín, kì í tutù. Mo máa ń ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí." Orin náà ò yí padà.

Àyà ń dùn mí láti ìgbà díẹ̀. N kò bímọ. Kò sí ẹni tó máa kan àgbá fún mi. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pinnu pé n ó san gbèsè tí mo jẹ màmá mi. Kí n sọ ọ́, kí wọ́n lè dìde níbẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Mo wọlé. Mo gbé ọwọ́ sókè.

Orin náà dákẹ́ kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀.

Nǹkan kan kàn án láti inú. Kò. Kò. Kò.

Mo dúró kí n gbọ́ orúkọ tí yóò pè. N ò tíì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, lọ́sàn-án àti lóru, mò ń tẹ́tí.