Ìrọ̀lẹ́ Tí Bángà Ò Dún ní Hartstown

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Mi ò sì sùn. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Hartstown, ní Dublin, ní ìrọ̀lẹ́ ọdún Halloween tó kọjá. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Tòún, ìyàwó mi, ti kú. Ó lọ sin ìyá rẹ̀ nílùú wa lọ́hùn-ún, àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà. Ọta ìbọn kan ṣoṣo ni. Ó ku èmi àti ọmọ wa, Iyìolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Tí Halloween bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò wa á máa yin bángà, ohun ìṣeré ẹlẹ́tù tó ń bú gbàmù. Tó bá ti dún, àyà mi á já. Ìbọn ni mo máa ń gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ọ̀kan dún lẹ́bàá fèrèsé. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́.

"Olúwa," mo ní, "fa ẹ̀tù ìbọn tu kúrò láyé, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Kó dà bíi pé kò sí i rí."

Iyìolúwa bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù. Yorùbá yé e, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń dá mi lóhùn. Ó ní tí kò bá sí ẹ̀tù, àwọn èèyàn á wá nǹkan mìíràn tí wọ́n á fi para wọn.

"Màmá ẹ ì bá wà láàyè," mo ní.

Ó fi àfọ́kù náà sílẹ̀. Ó gòkè lọ sí yàrá rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ìta ti dákẹ́.

Mo jáde sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ọmọ kan ń ṣáná sí bángà lórí pápá. Iná jó okùn rẹ̀ tán. Kò dún. Wọ́n ṣáná sí òmíràn. Kò dún.

Adélékan, aládùúgbò mi, yọrí lókè ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, àlàáfíà dé o! Àbí ẹ̀yin lẹ gbàdúrà ni? Ó ku ajá ilé kejì yẹn tí kì í yé gbó. Ẹ bá wa gbàdúrà sí tòun náà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ kó àfọ́kù abọ́. Nígbà tí mo padà jáde láti dà á nù, mi ò rí pápá mọ́.

Odi ló wà níbẹ̀. Odi òkúta, ó ga ju òrùlé wa lọ. Òtùfù ń jó lórí rẹ̀. Ọrun ọfà kan wà lókè níbẹ̀ tó gùn tó bọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnì ló ń fa okùn rẹ̀, okùn náà sì ń ké bí igi tó fẹ́ wó.

Nǹkan fò kọjá lókè. Ó ń dún fìì, fìì, bí ọ̀wọ́ ẹyẹ. Mo wòkè. Kò sí ẹyẹ kankan.

Adélékan ṣì wà lẹ́bàá ọgbà. Ẹ̀wù irin ló wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì múra fún ọmọ?"

"Ọmọ wo?"

"Iyìolúwa ni. Praise, ọmọ tèmi, ti wà lórí odi láti àárọ̀. Ipò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣófo."

"Kí lọmọdé ń wá lórí odi?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Láti ọmọ ọdún méje la ti ń kọ́ wọn lọ́fà títa. Ta lẹ fẹ́ kó ta á? Èmi tí apá mi ti gbó?"

"Ṣé kò síbọn ni?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo sáré wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ti ti iwájú. Mo pe Iyìolúwa. "I'm grand, Daddy," ló dáhùn láti òkè, pé àlàáfíà lòun wà. Mo ní kó má sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú.

Ẹsẹ̀ púpọ̀ ló wà níta. Irin ń kan irin. Lẹ́yìn náà, ó pa lọ́lọ́.

"Bàbá Iyì, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Tòún ni.

Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi dé orí kọ́kọ́rọ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Òórùn ìpara rẹ̀ gba ihò lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn wọlé, òun àti òórùn irin tútù.

"Tòún, o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ọmọ la wá mú. Ilẹ̀ ti ṣú."

Tí mo bá ṣí i, màá rí i. Tí mo bá ṣí i, wọ́n á mú ọmọ lọ. Kò sí ọ̀nà kẹta. Mo yí kọ́kọ́rọ́ náà díẹ̀. Ọlọ́run rí mi.

Ihò lẹ́tà rọra ṣí. Ìka wọlé. Ìka rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti le bí awọ bàtà. Mo dì wọ́n mú. Wọ́n gbóná. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀, bí ìgbà tó bá ku àwa méjì ní yàrá.

"Má ṣí i."

"Tòún."

"Jọ̀ọ́, má ṣí i. Èmi ni màá dúró sípò ẹ̀."

"Má lọ."

"Ṣé ó ti ga?"

"Ó ti ga jù ẹ́ lọ."

Ó fa ìka rẹ̀ yọ. Ó gbóhùn sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀: "Kò sí ọmọ nílé yìí."

Ẹsẹ̀ wọn kúrò. Mi ò mira. Fìì, fìì yẹn tún kọjá lókè ilé, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan ké lórí odi, lẹ́ẹ̀kan péré. Obìnrin ni.

Lẹ́yìn náà, bángà dún. Òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo ojú ọ̀run Hartstown gbiná.

Àyà mi ò já. Mo jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tó pa ìyàwó mi.

Iyìolúwa sọ̀ kalẹ̀. Ó béèrè ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Mo ní àwọn ọmọ tó ń tọrọ súìtì Halloween ni.

Ó ní kí ló dé tí mi ò ṣí i, pé obìnrin tó wà níta yẹn ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Adélékan ní òun ò kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn. Pápá wà níbi tó wà. Mo ti rìn ín já, kò sí òkúta kan níbẹ̀.

Àmọ́ mi ò mọ ẹni tó ké yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá Tòún ti sọ̀ kalẹ̀, tàbí ó ṣì dúró lórí odi náà, ní ipò ọmọ wa. Tí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, mi ò mọ èyí tí mo lè béèrè: kí ẹ̀tù wà láyé, àbí kó má sí.